Ọkọ̀ Kékeré Lórí Tábìlì: Ṣé Ohun Téèyàn Lè Máa Ṣe Títí Ọjọ́ Alẹ́ Ni?

Òǹkàwé kan láti Abẹ́òkúta béèrè pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 48 ni mí, iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò la fi ń ṣe mọ́tò. Àbúrò mi gbé páálí mọ́dẹ́ẹ̀lì Volkswagen Ìjàpá ti ilé iṣẹ́ Tamiya wá fún mi láti London, ìwọ̀n 1/24, irú èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yà ọkọ̀ kékeré oníke ló wà nínú rẹ̀ téèyàn yóò tò pọ̀ fúnra rẹ̀. Mo tò ó tán, ó sì dùn mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣú, ọ̀dà tí mo fín sí i nínú oṣù Keje sì hu funfun káàkiri. Ìyàwó mi ní eré ọmọdé ni. Ojú mi náà kò fi bẹ́ẹ̀ ríran nítòsí mọ́. Ṣé ohun téèyàn lè máa ṣe títí ọjọ́ alẹ́ ni, àbí kí n pa á tì? Bí kò bá yẹ kí n pa á tì, báwo ni kí n ṣe é?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó-ìnára. Ẹ má pa á tì. Ohun téèyàn lè bá dàgbà ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì ń jókòó ti tábìlì wọn lójoojúmọ́. Ohun tí mo ti rí tó ń mú kí èèyàn jáwọ́ kì í sábà jẹ́ ọjọ́ orí, owó náà kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹni tó bá ń to ọkọ̀ tí kò bá ayé rẹ̀ tan, kì í pẹ́ sú u. Ẹni tó bá kó páálí mẹ́wàá jọ láì parí ẹyọ kan, ìtìjú àwọn páálí yẹn ni yóò lé e kúrò nídìí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó ka ohunkóhun mìíràn tí mo kọ síbí: ọkọ̀ tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ máa tò, kí ẹ sì tò ó tán pátápátá kí ẹ tó ṣí òmíràn.

Ìjàpá yín kò tíì bàjẹ́. Ká ti orí gíláàsì bẹ̀rẹ̀. Ó dá mi lójú pé súpà gúlù lẹ fi lẹ̀ ẹ́. Bí súpà gúlù bá ń gbẹ, èéfín kan tí ojú kì í rí máa ń jáde lára rẹ̀. Bí èéfín náà bá bà lé ike tó mọ́ gaara, yóò di funfun síbẹ̀, pàápàá níbi tí òróró ìka bá ti kàn án. Inú ọkọ̀ kékeré tí ẹ ti pa dé, èéfín yẹn kò rọ́nà gbà jáde, gíláàsì ló kù tó máa bà lé. Ẹ rọra tú gíláàsì náà. Ẹ fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ máa fi yí ojú rẹ̀ po jẹ́jẹ́ títí kùrukùru yẹn yóò fi ká, lẹ́yìn náà kí ẹ fi omi ṣàn án. Tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ padà, gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, irú Top Bond, ni kí ẹ fi orí igi ìtayín tọ́ díẹ̀ sí etí rẹ̀. Bó bá gbẹ, kò ní láwọ̀ mọ́, èyí tó bá sì ṣèèṣì yọ síta, aṣọ tútù ti tó láti nù ún kúrò.

Gbogbo ìyókù ọkọ̀ náà, gúlù tí wọ́n ṣe fún polystyrene ni kí ẹ lò. Polystyrene ni irú ike tí wọ́n fi ṣe páálí wọ̀nyí. Gúlù rẹ̀ ṣàn bí omi, kì í sì í ṣe pé ó ń lẹ nǹkan: ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì ni, kí wọ́n lè wọnú ara wọn di ẹyọ kan. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀yà méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kan etí ibi tí wọ́n ti pàdé. Yóò sá wọ inú àlàfo náà fúnra rẹ̀, ẹ ó máa wò ó bó ṣe ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ibẹ̀ ni mọ́dẹ́ẹ̀lì ti ń yàtọ̀ sí nǹkan ìṣeré. Ọ̀dà agolo ìfín tí Tamiya ń pè ní TS, lacquer ni. Tínà inú rẹ̀ máa ń fẹ́ lọ kíákíá, bó sì ṣe ń fẹ́ lọ ló ń mú ojú ike tutù, gẹ́gẹ́ bí spirit ṣe máa ń tutù lápá tí nọ́ọ̀sì bá fi nù ún kó tó fúnni lábẹ́rẹ́. Nínú oṣù Keje, ọ̀rinrin ló kún inú afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta. Ọ̀rinrin yẹn á sẹ̀ sórí ojú tó tutù náà, á há sínú ọ̀dà kó tó gbẹ, àwọ̀ á sì hu funfun. Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Ẹ dúró de ọjọ́ tí oòrùn mú dáadáa tí òjò kò rọ̀ láàárọ̀, kí ẹ ṣe é lọ́sàn-án gangan. Ẹ ki agolo náà bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tí ọwọ́ yín lè gbà láìjó yín. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná láéláé, bíbú ni yóò bú. Kí ẹ wá fín ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé ibi tó funfun. Tínà tuntun yóò tún ọ̀dà ìsàlẹ̀ rọ̀, omi tó há síbẹ̀ á rọ́nà jáde, lọ́pọ̀ ìgbà àwọ̀ á sì padà bọ̀ sípò.

Àwọn kan á ní kí ẹ dúró de ọyẹ́. Èmi kò gbà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ débi pé ọ̀dà lè gbẹ lójú ọ̀nà kó tó bà lé ọkọ̀, ojú bọ́dì á wá rí háráhárá. Eruku tún ńkọ́? Ike tí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù á máa fa eruku mọ́ra, aṣọ tó lómi díẹ̀ ló yẹ. Bó bá jẹ́ pé ọyẹ́ náà ni àyè gbà yín, ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ibi tí ẹ ti fẹ́ fín in, kí ẹ sì sún agolo mọ́ ọkọ̀ ju bí ẹ ṣe máa ń ṣe lọ. Lójú tèmi, oṣù Kọkànlá, tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò tíì le, ló dára jù nílẹ̀ wa fún fífín bọ́dì, oṣù Kẹta tẹ̀ lé e. Àkókò òjò, ẹ fi to ẹ́ńjìnì, ìjókòó, dáṣíbọ́ọ̀dù àti abẹ́ ọkọ̀, tí búrọ́ọ̀ṣì lè kùn. Ẹni tó bá fi ọdún pín iṣẹ́ rẹ̀ báyìí kì í ráyè bínú sí òjò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ní ìwọ̀n 1/24, mílímítà kan lára mọ́dẹ́ẹ̀lì dúró fún mílímítà 24 lára ọkọ̀ gidi. Volkswagen yín, tó gùn tó bíi mítà mẹ́rin àti díẹ̀ lójú títì, ti di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lórí tábìlì. Bí ọ̀dà tí ẹ fín bá nípọn tó 0.1 mílímítà péré, ẹ fi 24 sọ ọ́ di púpọ̀: ó ti di 2.4 mílímítà. Kò sí ọkọ̀ kankan lójú títì tí ọ̀dà ara rẹ̀ nípọn tóyẹn. Ìlà tó yí ilẹ̀kùn ká á dí, etí bọ́nẹ́ẹ̀tì á di rogodo, ojú á sì mọ̀ pé nǹkan kan kò tọ́ kódà bí ẹni tó ń wò ó kò bá lè sọ ohun tó jẹ́.

Kí ẹ tó fín bọ́dì mìíràn, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, torí òróró ilé iṣẹ́ lè ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tó ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn. Ẹ ó rí ìlà tín-ínrín kan tó gba orí máàdígáàdì kọjá: ibẹ̀ ni irin mọ́ọ̀dù ti pàdé nígbà tí wọ́n ń da ike náà. Ọkọ̀ gidi kò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fín ọ̀dà lé e kò lè fi pamọ́ mọ́. Ẹ fi ẹ̀yìn abẹ ha á jẹ́jẹ́, kí ẹ fi sáńpépà 600 tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí ni práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ aláwọ̀ eérú, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú àṣírí gbogbo ibi tí ẹ kò ríran rí. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe, kí ẹ tún práímà náà fín. Ìpele ọ̀dà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ bo nǹkan kan tán, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ máa rí práímà lábẹ́ rẹ̀. Ìkejì á bo díẹ̀ sí i, ìkẹta ló máa dán.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sínú páálí tó ní ìdérí, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ gbé e sí imú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan: bí ẹ bá ṣì ń gbọ́ òórùn ọ̀dà lára rẹ̀, kò tíì gbẹ, bó ti wù kó le tó lábẹ́ ìka. Ìgbà tí òórùn náà bá lọ pátápátá ni kí ẹ tó fi sáńpépà 2000 ti inú omi ọṣẹ ra ojú rẹ̀, kí ẹ yẹra fún etí àti igun, torí ibẹ̀ ni ọ̀dà ti máa ń tín-ínrín jù. Kọ́ńpáùn tí àwọn tó ń fín ọkọ̀ fi ń mú bọ́dì dán ló máa parí rẹ̀. Èyí tó kúnná jù nínú rẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi ọwọ́ ṣe é. Ẹ ó rí ojú fèrèsé yàrá yín nínú òrùlé Ìjàpá náà.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa fín ọ̀dà, pẹ̀lú ìbòmú onífílítà tó lè dá èéfín tínà dúró. Ìbòmú aláṣọ kò lè ṣe é. Ọ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n máa ń po òun àti hardener pọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní ohun èlò ààbò rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni ìpalára rẹ̀ ń lọ. Ẹ má tíì ra airbrush, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi afẹ́fẹ́ fín ọ̀dà. Agolo ìfín tó yín fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ohun tí ìyàwó yín sọ, mi ò gbà pé ìkà ló fi sọ ọ́, ohun tó rí náà ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ lè ka èyí fún un. Láti 1930 títí di 1968, ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà gbé ìdíje kan kalẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin, tí wọ́n pè ní Fisher Body Craftsman’s Guild. Nígbà tó yá, mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ náà fi ọkàn ara rẹ̀ rò tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ni wọ́n ń mú wá, owó ilé ẹ̀kọ́ gíga sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. Chuck Jordan wà lára àwọn tó gbégbá orókè ní 1947. General Motors gbà á síṣẹ́, nígbà tó sì di 1986, òun ni igbákejì ààrẹ ilé iṣẹ́ náà tó ń bójú tó bí gbogbo ọkọ̀ wọn ṣe máa rí. Ọwọ́ tó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ ọkọ̀ kékeré náà ló padà ń sọ bí ọkọ̀ ńlá ṣe máa rí.

Àwọn tó ṣe páálí yín náà kò fi ṣeré. Ilé ìlagi ni Tamiya nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1946 nílùú Shizuoka ní Japan, ibẹ̀ ló ti bọ́ sí mọ́dẹ́ẹ̀lì onígi, kó tó wá di ti oníke. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe Porsche 934 ní ìwọ̀n 1/12, tó jáde ní 1976, Shunsaku Tamiya ra Porsche 911 gidi, wọ́n sì tú u palẹ̀ kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe jókòó. Ọkọ̀ olówó ńlá ni wọ́n tú o, nítorí ohun tí wọ́n máa tà nínú páálí. Ní Michigan ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ AMT, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kọ́kọ́ ń ṣe ọkọ̀ kékeré fún àwọn oníṣòwò ọkọ̀ láti fi han oníbàárà. Nígbà tó di 1958, wọ́n gbé páálí tí oníbàárà yóò tò fúnra rẹ̀ jáde ní 1/25, tó lè tò ó ní ọ̀nà mẹ́ta bó bá ṣe wù ú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà tó ń ṣe é lónìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé.

Ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́mọdé. Ẹni tó fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tó gé táyà lára sílípáàsì tó ti já, tó sì rí i pé bí táyà bá tóbi jù kò jọ mọ́tò mọ́, ó ti mọ ìwọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́. Ojú yẹn gan-an lẹ fi ń wo Ìjàpá yín tí ẹ fi rí i pé nǹkan kan kù.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí ẹ to ọkọ̀ tí ẹ mọ̀. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry l’Ékòó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot ní Kàdúná. Ọmọ ọdún 48 bíi tiyín, inú Ìjàpá àti Peugeot 504 ló dàgbà sí. Ẹ mọ bí ìjókòó rẹ̀ ṣe ń jó ni nítan lọ́sàn-án. Ẹ mọ ibi tí ìpẹtà ti kọ́kọ́ máa ń mú un. Ẹni tó wà ní Shizuoka kò mọ̀yẹn. Bí Ìjàpá yìí bá ti gún régé, mo fẹ́ kí ẹ wá bọ́ọ̀sì Volkswagen T2 tí ilé iṣẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì Revell ṣe ní 1/24, kí ẹ sọ ọ́ di dáńfó: ọ̀dà yẹ́lò, ìlà dúdú méjì, bẹ́ńṣì onígi nínú, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀, bọ́ńpà tó ti wọ́. Kò sí ìtọ́ni kankan nínú páálí fún èyí. Orí yín ni ìtọ́ni.

Ohun èlò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílé yín. Ẹ yí ìdí ike yọ́gọ́ọ̀tì àti àwo ike wò: èyí tó bá ní nọ́ḿbà 6 nínú àmì onígun mẹ́ta, polystyrene ni, gúlù yín á mú un. Ilé CD tó mọ́ gaara, polystyrene ni púpọ̀ nínú wọn náà, ó dára fún gíláàsì. Káàdì ATM àti SIM kì í ṣe irú rẹ̀, ẹ má fi gúlù ṣòfò lé wọn lórí. Ọ̀pá ike tó so àwọn ẹ̀yà pọ̀ nínú páálí, ẹ má dà á nù. Ẹ mú gígùn ìka kan lára rẹ̀, kí ẹ máa yí i lókè iná àbẹ́là láìjẹ́ kó kan iná, títí àárín rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹ gbé e kúrò, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá fà á ní ìhà méjèèjì láìdáwọ́ dúró. Yóò nà di okùn tín-ínrín. Bí ẹ bá fà á kíákíá, á tín-ínrín bí irun, ìyẹn ni wáyà ẹ́ńjìnì. Bí ẹ bá fà á díẹ̀díẹ̀, ó tó eriali. Èyí tó kù, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú gúlù díẹ̀ nínú ìgò kékeré, á yọ́ di pọ́tì tí ẹ lè fi dí ihò, tó sì jẹ́ ike kan náà pẹ̀lú bọ́dì.

Ojú yín ńkọ́? Lẹ́yìn ogójì ọdún, lẹ́ńsì inú ojú gbogbo wa máa ń le, kì í lè fà mọ́ ohun tó wà nítòsí mọ́. Ẹ lọ rí dókítà ojú ná, kí ó lè dá yín lójú pé kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra awò tí wọ́n ń dè mórí, èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, kí ẹ sì gbé iná LED sí apá ọ̀tún àti òsì kí òjìji ọwọ́ yín má bo iṣẹ́. Ẹ gbé ìgúnpá méjèèjì lé tábìlì, ọwọ́ á dúró. Nígbà tó bá tún yá, ẹ lè gòkè lọ sí 1/16 tàbí 1/12. Ọ̀gá Gerald Wingrove ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í lo páálí rárá, tó jẹ́ pé irin àti igi ló fi ń gbẹ́ gbogbo ẹ̀yà fúnra rẹ̀, 1/15 ni ìwọ̀n tó sọ di tirẹ̀. Ọkọ̀ tó tóbi kì í ṣe ti ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán.

Nípa ìpamọ́, ẹ ṣọ́ táyà. Táyà rírọ̀ inú àwọn páálí kan, pàápàá ti àtijọ́, ní òróró kan tó ń mú un rọ̀, òróró náà sì máa ń jẹ rímù ike bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bébà fàdákà pẹlẹbẹ kan láàárín táyà àti rímù á là wọ́n. Ẹ má gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, sítíkà ara rẹ̀ á pọ́n. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e lọ han àbúrò yín nígbà tó bá wálé, ẹ gbé e lé itan, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ sínú ọkọ̀. Inú ọkọ̀ tí wọ́n pa mọ́ sínú oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná débi pé òrùlé ike lè wọ́, kò sì sí ohun tó máa dá a padà.